Omi iyọ̀ àti ìwọ̀n yàrá ọkàn: iye tí à ń yọ kò dúró lójú kan

Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti Àjàṣẹ́ ni. Kátítà ẹlẹ́lektróòdù (ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fi iná wọn bí ẹ̀jẹ̀ inú ọkàn ṣe pọ̀ tó) la fi ń wọn yàrá ìsàlẹ̀ òsì nínú ọkàn ẹlẹ́dẹ̀, iná rẹ̀ jẹ́ 20 kHz. Ẹran ọkàn náà ń gbé iná, nítorí náà ìwọ̀n ń ju bó ṣe yẹ lọ. Láti mọ iye tá a máa yọ kúrò nítorí ẹran ọkàn yẹn, a dá ẹ̀rọ mímí dúró, a wá fa omi iyọ̀ 10%, mílílítà 5, sínú iṣan tó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Iye yẹn ń yí lọ́wọ́ wa gan-an. Iyọ̀ ń rẹ ọkàn, ìfúnpá sì ń já kíákíá. Ṣé kìkì ìlù ọkàn tó ṣáájú ìjábọ̀ ìfúnpá lẹ ń lò? Ìlù mélòó ló tó? Ẹ̀jẹ̀ tuntun, 37°C, la fi wọn ρ (bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dènà iná tó). Fún α (iye tá a fi ń tún ìwọ̀n kátítà ṣe kó lè bá ìwọ̀n gidi mu), ṣé thermodilution (fífi omi tútù wọn ìṣàn ẹ̀jẹ̀) tó, àbí ẹ̀rọ tó ń wọn ìṣàn lára aorta (iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn) ló sàn?