Ẹ̀yin tí ọta ìbọn tàbí ìjàǹbá ti bà nínú rí, ẹ sọ ìrírí yín

Ọdún 2019 ni, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Àwọn adigunjalè dá ọkọ̀ wa dúró lóru, wọ́n yìnbọn, ọta sì ba àbúrò mi ọkùnrin nísàlẹ̀ ìdodo. Ojú ọgbẹ́ náà kò ju orí ọmọńdinrín lọ. Ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde kò tiẹ̀ pọ̀, ọkàn mi sì fẹ́ balẹ̀. Àṣé inú lọ́hùn-ún ló ń dà sí. Mo ká gèlè mi, mo fi tẹ ojú ibẹ̀. "Àǹtí mi, ẹ fún mi lómi." Kò yé tọrọ. Omi inú ọ̀rá wà lọ́wọ́ mi, mo ti fẹ́ já a, kí bàbá tó fi ọkọ̀ gbé wa tó pariwo pé n kò gbọdọ̀ fún un, pé wọn yóò ṣiṣẹ́ abẹ fún un.

Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tá a dé, ìwé ọlọ́pàá ni wọ́n béèrè. Wọn ò tiẹ̀ ṣí gèlè yẹn wò. Ó ń dùn mí títí dòní, torí òfin ti wà láti ọdún 2017: ìwé ọlọ́pàá wà o, kò sí o, dandan ni kí wọ́n tọ́jú ẹni tí ìbọn bà, wọn ò sì gbọdọ̀ kọ́kọ́ gbowó. Ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ló yẹ kó fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí 2. Ká ní mo mọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni, ǹ bá ké e sí wọn létí.

Ibi kejì ò bi wá ní nǹkan kan. Wọ́n fa omi sí i lápá méjèèjì, wọ́n wá ẹ̀jẹ̀, ó di tíátà. Ọta ti lu ìfun níhò 4. Wọ́n rán òmíràn, wọ́n gé ibi tó ti bàjẹ́, wọ́n wá fa ẹnu ìfun síta, inú àpò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ikùn ni ìgbẹ́ ń bọ́ sí. Oṣù 3 ni mo fi ń pààrọ̀ àpò yẹn kí wọ́n tó dá ìfun padà. Tí mo bá ti ń pààrọ̀ ẹ̀, ògiri ló máa ń kọjú sí.

Bàbá Ìbejì: Ẹ kú ìrọ́jú, àǹtí. Tèmi ò lójú ọgbẹ́ rárá. Mo ṣubú lórí ọ̀kadà, ọwọ́ ọ̀kadà gún mi lábẹ́ ìhà òsì. Mo gbọn eruku nù, mo lọ sílé, mo jẹ àmàlà. Nígbà tó di ìdájí, èjìká òsì ń dùn mí. Mo dìde kí n lọ tọ̀, òòyì gbé mi ṣubú. Wọ́n yàwòrán inú mi, ẹ̀jẹ̀ ti kún un: spleen, ẹ̀yà inú kan lábẹ́ ìhà òsì tó máa ń bá ara gbógun ti àrùn, ló ti ya. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ inú lè mú kí èjìká máa dunni! Wọ́n yọ ọ́ kúrò. Báyìí, bí ara mi bá ti gbóná díẹ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ni mò ń sáré lọ, torí àrùn máa ń tètè mú ẹni tí kò ní in mọ́.

Nọ́ọ̀sì pàjáwìrì: Ẹ jọ̀ọ́, bí ìfun bá tú síta, ẹ má tì í padà. Ẹ fi omi tó mọ́ rin aṣọ mímọ́, kí ẹ fi bò ó. Ọ̀bẹ tó bá ṣì wà lára, ẹ má fà á yọ. Mo ti bá wọn ṣan iyanrìn kúrò lára ìfun ọmọdé kan tí màlúù kàn. Àwọn ará ilé ló tì í padà, wọ́n rò pé àwọn ń ràn án lọ́wọ́ ni.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀: Nọ́ọ̀sì wa, ẹ ṣé gan-an. Àbúrò mi ń kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi báyìí. Bàbá Ìbejì, ó ní kí n bi yín: ṣé ojú àpá tiyín náà máa ń yún yín lásìkò ọyẹ́?