Dìkódà oní-túnà méjì tó ń ká ètò sílẹ̀: èwo ló yẹ ilé àwọn òbí mi ní Kabba?

Ọmọ Kabba

Okun o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́dọ̀ yín. Kabba ni àwọn òbí mi ń gbé. Bàbá mi kì í fẹ́ kí ìròyìn NTA ti aago mẹ́sàn-án alẹ́ fo àwọn dá, ìyá mi sì ní eré Yorùbá kan tí wọ́n fẹ́ràn, àkókò kan náà ni méjèèjì sì máa ń bọ́ sí. Mo fẹ́ ra dìkódà tó ní túnà (ohun inú dìkódà tó ń mú ìkànnì) méjì àti háàdì díráìfù, kí ó lè máa ká ètò kan sílẹ̀ bí wọ́n ti ń wo òmíràn lọ, tàbí kí ó ká méjèèjì pọ̀ bí wọ́n bá lọ sí òde. Díìsì wà lórí òrùlé tẹ́lẹ̀, wáyà kan ṣoṣo ló wọlé láti ibẹ̀. Iná kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró. Èwo ni kí n rà, kí sì ni mo gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Asodíìsì, Mọ̀pà

Ẹ kú ìtọ́jú àwọn òbí. Wáyà kan ṣoṣo tí ẹ mẹ́nu bà yẹn ni ká ti bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni yóò sọ bóyá túnà kejì máa ṣiṣẹ́. LNB, ìyẹn orí kékeré tó wà níwájú díìsì tó ń gba ìgbì sátẹ́láìtì, kì í da gbogbo ìkànnì sínú wáyà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbì tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti sátẹ́láìtì pín sí ti òòró àti ti ìbú, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tún pín sí ìpele ìsàlẹ̀ àti ìpele òkè, èyí tó jẹ́ ìpín mẹ́rin. Dìkódà ló ń yan ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ó ń fi fólítì 13 tàbí 18 ránṣẹ́ sókè láti yan òòró tàbí ìbú, ó sì ń fi àmì 22 kHz kún un bí ó bá fẹ́ ìpele òkè. Bí túnà kìíní bá ti ń béèrè fún 13, túnà kejì kò lè béèrè fún 18 lórí wáyà yẹn kan náà.

Nítorí náà, ẹ nílò LNB tó ní ojú ìjáde méjì pẹ̀lú wáyà méjì tó sọ̀ kalẹ̀ tààrà, tàbí LNB irú èyí tí wọ́n ń pè ní Unicable, tó ń pín wáyà kan fún túnà púpọ̀. Kì í ṣe gbogbo dìkódà ló gba Unicable o, ẹ kà á lára páálí rẹ̀ dáadáa. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé ohun tí wọ́n fi ń pín wáyà sí méjì ní ọjà yóò tó, ẹ má gbà á gbọ́, nítorí ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ ìkànnì yóò pòórá nígbàkigbà tí ẹnìkan bá ń wo ìpín mìíràn.

Olùkọ́ Ìsánlú

Mo fara mọ́ ohun tí wọ́n sọ ní Mọ̀pà, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀. Ẹ wo irú túnà méjì tí wọ́n ń tà fún yín. Páálí lè kọ ọ́ pé túnà méjì ni, kó jẹ́ pé ọ̀kan jẹ́ ti sátẹ́láìtì, èkejì jẹ́ ti áńténà orí ilẹ̀. Dìkódà Octagon SF8008, bí àpẹẹrẹ, ní oríṣi méjì tó jẹ́ oní-túnà méjì: ọ̀kan ní túnà sátẹ́láìtì méjì, èkejì ní ti sátẹ́láìtì kan àti ti áńténà kan, orúkọ kan náà ni wọ́n sì fi ń tà wọ́n. Ní ilé tó jẹ́ díìsì nìkan ni wọ́n ń lò, oríṣi kejì yẹn kò yàtọ̀ sí dìkódà oní-túnà kan.

Ní ti áńténà orí ilẹ̀, DVB-T2 ni ìlànà tẹlifíṣọ̀n díjítà tí Nàìjíríà yàn. Jos ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìyípadà sí díjítà ní 30 oṣù kẹrin ọdún 2016, ó sì dé Ilọrin ní ọdún 2017. Ẹ má tìtorí pé ará yín kan ní Ilọrin ń yin áńténà rẹ̀ ra èyí tó ní DVB-T2. Òkè pọ̀ láàárín wa àti wọn, ìgbì orí ilẹ̀ kì í sì í gun òkè. Ẹ kọ́kọ́ yá áńténà ẹnìkan, kí ẹ gbé e sókè, kí ẹ rí ohun tó ń wọlé ní àdúgbò yín gan-an.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ìkànnì tí à ń sanwó oṣù fún ni Màmá ń wò, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ pátápátá. Dìkódà tí ilé iṣẹ́ náà fọwọ́ sí nìkan ló lè ṣí i. Fún àwọn tó wà lórí DStv, Explora, dìkódà wọn tó ń ká ètò sílẹ̀, ni. Háàdì díráìfù wà nínú rẹ̀, ó sì nílò LNB tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Smart LNB. Owó kan tún wà lórí owó oṣù fún ànfààní kíká ètò sílẹ̀, kí ẹ béèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Ìyá Ìjùmú

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ ìfẹ́. Èmi kò rò pé túnà méjì pọn dandan fún gbogbo ilé, mo sì fẹ́ kí o yẹ èyí wò kí o tó náwó. Ìkànnì púpọ̀ ló máa ń gun orí ìgbì kan ṣoṣo. Bí ti bàbá àti ti ìyá rẹ bá wà lórí ìgbì kan náà, àwọn dìkódà oní-túnà kan wà tí wọ́n lè ká ọ̀kan sílẹ̀ bí ẹ ti ń wo èkejì. Ṣí ibi tí wọ́n kọ àlàyé ìkànnì sí lórí dìkódà tó wà nílé, kí o fi nọ́ńbà ìgbì àwọn méjèèjì wéra. Bí wọ́n bá dọ́gba, o lè pa owó yẹn mọ́ fún bátìrì.

Bátìrì ni mo fẹ́ kí o ronú lé lórí jù. Ètò tí iná bá gé mọ́ lára kò ṣe é wò mọ́ fún àgbàlagbà tó ti ń retí rẹ̀ láti àárọ̀. Nígbà tí o bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ní kó ṣètò àkókò tí dìkódà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ká nǹkan, kó yọ ọ́ kúrò lójú iná, kó sì dá a padà. Àwọn kan máa ń jí fúnra wọn, wọn a gba aago láti ojú sátẹ́láìtì, wọn a sì tẹ̀síwájú. Àwọn mìíràn á dákẹ́ títí ènìyàn yóò fi tẹ bọ́tìnì, irú ìyẹn kò wúlò fún wa níhìn-ín, bó ti wù kí túnà rẹ̀ pọ̀ tó. Kí o wo rìmóòtù náà pẹ̀lú, kí bọ́tìnì tí wọ́n fi ń ká nǹkan sílẹ̀ tóbi tó fún ojú Bàbá.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ ṣé, Màmá. Mo fẹ́ fi ìṣirò kún ọ̀rọ̀ bátìrì yẹn. Ọ̀pọ̀ dìkódà wọ̀nyí ló ń lo fólítì 12, wọ́n kì í sì í sábà jẹ ju wáàtì 25 lọ nígbà tí wọ́n bá ń ká nǹkan. Bátìrì 12V ti 100Ah ní wáàtì-wákàtí 1200. Bí a bá lo ìdajì rẹ̀ kí ó má baà tètè kú, 600 ló kù, ìyẹn sì gbé dìkódà fún wákàtí 24. Tẹlifíṣọ̀n kò ní láti wà lójú iná nígbà tí dìkódà bá ń ká ètò, ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi bátìrì ṣòfò nìyẹn. LNB pẹ̀lú ń gba iná lára dìkódà, kò nílò tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ọmọ Kabba

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ní kí àbúrò mi wo nọ́ńbà ìgbì: wọn kò dọ́gba, ọ̀kan jẹ́ ti òòró, èkejì jẹ́ ti ìbú. Kò sí èyí tí à ń sanwó oṣù fún nínú méjèèjì, orí sátẹ́láìtì kan náà ni wọ́n sì wà. Oní-túnà sátẹ́láìtì méjì ni mo máa rà nígbà náà, pẹ̀lú wáyà kejì. Háàdì díráìfù tí à ń ti bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Báwo ni ó ṣe yẹ kó tóbi tó?

Asodíìsì, Mọ̀pà

500GB tó. Ètò HD tó ń wọlé ní mẹ́gábíìtì 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan máa gba 3.6GB ní wákàtí kan, tí kì í ṣe HD lè má tó ìdajì rẹ̀. Ẹ má fi FAT32 (ọ̀kan lára ọ̀nà tí wọ́n ń gbà to fáìlì sórí díráìfù) ṣètò rẹ̀, nítorí kò gba fáìlì tó ju 4GB lọ, ètò gígùn yóò sì já sí wẹ́wẹ́. Bí dìkódà bá gba ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń pè ní ext4, òun ni kí ẹ lò, ó máa ń tètè bọ́ sípò lẹ́yìn tí iná bá gé lójijì. Ojú USB 2.0 ń fúnni ní mílíáḿpù 500 péré, àwọn díráìfù kan sì ń béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n bá ń gbéra, nítorí náà ẹ ra èyí tó ní iná tirẹ̀, tàbí kí ẹ lo ojú USB 3.0 bí ó bá wà. Ní ti wáyà, RG6 ni kí ẹ ní kí wọ́n fà, kí ó má ní ìsopọ̀ kankan lábẹ́ òrùlé, kí wọ́n sì fi rọ́bà dí ẹnu rẹ̀ níbi LNB kí òjò tó dé.