Ọyẹ́ ti wọ láíbìrì: kí ló ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ tiyín?

Ajílété: Ọyẹ́ ti dé sí Ògbómọ̀ṣọ́, eruku ti bo gbogbo pẹpẹ ìwé. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ láíbìrì yunifásítì àtẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kí lẹ ń bá pàdé lásìkò yìí, báwo lẹ sì ṣe ń kápá rẹ̀?

Pẹpẹ_Òkè: Ẹ má fomi kan ìwé o. Àkísà tútù á sọ eruku di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ á wọ etí ìwé, kò sì ní jáde mọ́. Búrọ́ọ̀ṣì àwọn akunlé, oníínṣì méjì, tó rọ̀, tí kò tíì kan ọ̀dà rí, òun ló dáa. Pẹpẹ tó ga jù ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí ohun tẹ́ ẹ bá gbọ̀n lókè, ìsàlẹ̀ ló ń bọ̀. Ẹ pa ìwé dé, ẹ dì í mú pinpin, kẹ́ ẹ wá gbá orí rẹ̀ láti ibi ẹ̀yìn lọ sí ibi tá a ti ń ṣí i. Ẹni tó bá gbá a padà sẹ́yìn, inú ẹ̀yìn ìwé ló ń gbá eruku sí. Ẹ má sì gbá ìwé méjì mọ́ra wọn. Pẹpẹ fúnra rẹ̀ lè gba aṣọ tó lómi díẹ̀, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ gbẹ kí ìwé tó padà síbẹ̀. Apá kan lẹ́ẹ̀kan ni kẹ́ ẹ máa kó. Níbi tí wọ́n bá ti ń lo ètò Library of Congress, tó ń fi lẹ́tà pín ìwé, S fún iṣẹ́ àgbẹ̀, T fún ẹ̀rọ, bí ìwé S bá lọ jókòó sáàárín T, ẹni tó ń wá ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀ ò ní ronú láti wá a láàárín ìwé ẹ̀rọ.

Ọmọ_Láíbìrì: Kẹ́ ẹ tó gbọn T tán, eruku ti tún kún S.

Pẹpẹ_Òkè: Òótọ́ lo sọ, àbúrò. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé fèrèsé ló yẹ ká kọ́kọ́ mójú tó.

Onílúfà: Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Lúfà kì í pa dé tán láé. Eruku tó ń ti Bodélé ní Chad fò wá, kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ó ti di lẹ́búlẹ́bú, ihò tí èèyàn ò lè rí ló ń gbà wọlé. Fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ ni kẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ etí awẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Arẹ́mọ_Ọ̀yọ́: Ẹ fẹ́ pa wọ́n ni? Ìdánwò ń bọ̀, èèyàn kún gbọ̀ngàn fọ́fọ́, iná ò sí, ẹ wá ní kí wọ́n ti gbogbo fèrèsé.

Onílúfà: Ta ló ní gbogbo rẹ̀? Àríwá ìlà-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Ẹ ti ẹ̀gbẹ́ yẹn, ẹ ṣí ti gúúsù. Kẹ́ ẹ sì tẹ́ àpò ìdọ̀họ tó lómi sẹ́nu ọ̀nà, kí bàtà lè fi eruku ẹsẹ̀ sílẹ̀ níta.

Àǹtí_Katalọ́ọ̀gù: Ẹ fi eruku sílẹ̀ jàre. Òrí ni ọ̀tá ìwé lóṣù yìí. Wọ́n á fi ra ètè, wọ́n á fi ra ọwọ́, wọ́n á wá gbé ìwé. Ibi tí òrí bá kàn, ẹ ó máa rí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn láti iwájú.

Dúró_Kàwé: Ṣé kí ọwọ́ wa wá sán ni, mà?

Àǹtí_Katalọ́ọ̀gù: Ra á nílé, kí o sì fi aṣọ gbígbẹ nu àtẹ́lẹwọ́ kó o tó wọlé. Bí ó bá ti kan ìwé, ẹ tètè bu sítáàsì àgbàdo gbígbẹ sójú àbààwọ́n náà, ẹ fi bébà bò ó, ẹ gbé nǹkan wúwo lé e mọ́jú, kẹ́ ẹ gbá a kúrò láàárọ̀. Á dín kù. Èyí tó ti pẹ́ kì í lọ.

Ọmọ_Láíbìrì: Vaseline ńkọ́?

Arẹ́mọ_Ọ̀yọ́: Má fi Vaseline wé òrí Ṣakí o!

Àǹtí_Katalọ́ọ̀gù: Ìwé ò mọ ìyàtọ̀, bùọ̀dá. Ẹ tún bá mi kìlọ̀ fáwọn tó ń fi itọ́ ṣí ìwé.

Dúró_Kàwé: Ọwọ́ gbẹ, bébà ń lẹ̀ mọ́ra, kí la fẹ́ fi ṣí i? 😂

Ajílété: Wọ́n ní kéèyàn gbé bàsíà omi sí igun yàrá, pé á mú ọ̀rinrin wá.

Pẹpẹ_Òkè: Nínú yàrá kékeré, bóyá. Nínú gbọ̀ngàn ńlá, ẹ̀fọn lẹ ń sìn. Ọ̀rinrin tó bá ìwé lára mu wà láàárín 35 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún, ọyẹ́ tó le lè já a wálẹ̀ kọjá 20. Páálí èèpo ìwé á ká kò, góòmù ẹ̀yìn ìwé á gbẹ, á sì fọ́. Àwọn ìwé tí wọn ò rán, tó jẹ́ pé góòmù nìkan ló dì wọ́n mú, ni kẹ́ ẹ ṣọ́ jù. Ẹ má tẹ̀ wọ́n pẹrẹsẹ sórí ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń já. Èyí tó bá sì já, ẹ má gbé sẹ́lótéèpù sún mọ́ ọn, góòmù rẹ̀ á di pupa rúsúrúsú, á sì ba bébà jẹ́. Góòmù funfun PVA, fẹ́ẹ́rẹ́, lẹ ó fi igi tín-ínrín tọ́ sínú ẹ̀yìn ìwé, kẹ́ ẹ fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù sáàárín kó má lẹ̀ mọ́ èèpo, kẹ́ ẹ gbé nǹkan lé e di ọjọ́ kejì.

Wáyà: Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Ẹ pa á, ẹ yọ wáyà, ẹ gbé e síta kẹ́ ẹ tó fẹ́ eruku inú rẹ̀. Kí ẹ fi igi há fáànù rẹ̀ kó má yí nígbà tẹ́ ẹ bá ń fẹ́ ẹ, torí ó lè ba bọ́ọ̀dù jẹ́. Sólà orí òrùlé náà ń fẹ́ omi: òwúrọ̀ kùtù ni, omi lásán, láìsí ọṣẹ. Bí oòrùn bá ti mú un gbóná, omi tútù lè la gíláàsì rẹ̀.

Arẹ́mọ_Ọ̀yọ́: Ní Ọ̀yọ́ níbí ọyẹ́ ò tiẹ̀ le tó báyìí. Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ sún mọ́ àríwá jù.

Ajílété: Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ o.

Dúró_Kàwé: Káńfọ̀ ńkọ́, fún kòkòrò?

Pẹpẹ_Òkè: Rárá o. Fèrèsé ẹ̀gbẹ́ kan ti wà ní títì, ẹ tún fẹ́ kí wọ́n máa fa káńfọ̀ símú.

Ọmọ_Láíbìrì: Níbo ni wọ́n ti ń ta fóòmù ọ̀gá onílúfà yẹn?

Onílúfà: Lọ bá àwọn tó ń ṣe àga. Ègékù tí wọ́n ń dà nù ti tó, ní kí wọ́n là á sí ínṣì kan kan fún ẹ.