Èkó sí Lómé lẹ́bàá òkun, ọjọ́ mẹ́rin: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùbéèrè: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àwa mẹ́rin, ọmọ kékeré kan nínú wa, fẹ́ fi Corolla gba etí òkun láti Èkó lọ sí Lómé níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní. Ọjọ́ mẹ́rin la ní, àtàlọ àtàbọ̀. Òkun la fẹ́ wò, a ò wá ọjà lọ. Ìwé wo ni ká mú dání, ibo la máa sùn, kí ló sì máa ń dá èèyàn dúró lọ́nà?

Bàbá Ìbejì: Ọjọ́ mẹ́rin kò tó fún Lómé. Kì í ṣe pé ó jìn, bọ́dà ló ń jẹ àkókò. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa kọjá ní Sẹ̀mẹ̀, bọ́dà Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ní Hillacondji, bọ́dà Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, orílẹ̀-èdè méjì ló sì máa lu òǹtẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ yí padà ní Grand-Popo, ìlú etí òkun ní Bẹ̀nẹ̀ tó ṣáájú Hillacondji, àbí kẹ́ ẹ fi ọjọ́ méjì kún un. Òkun tẹ́ ẹ̀ ń wá ò kọjá Grand-Popo.

Ní ti ìwé: páásípọ́ọ̀tù, káàdì yẹ́lò (ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú), láísẹ́ǹsì, àti ìwé ọkọ̀ lórúkọ ẹni tó ń wakọ̀. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ ti ẹlòmíì, kó kọ lẹ́tà àṣẹ, kó fọwọ́ sí i. Ìnṣọ́ránsì Nàìjíríà nìkan ò bo jàǹbá tẹ́ ẹ bá fà lọ́hùn-ún. Ẹ gba káàdì búráùn ECOWAS lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì yín, ìyẹn èyí tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní Kútọnu lọ́dún 1982. Kẹ́ ẹ tó jáde nílé, ẹ fi nọ́ńbà ṣaṣí ara ọkọ̀ wé ti inú ìwé, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ṣi ẹyọ kan tẹ̀, kọ́sítọ́ọ̀mù lè jókòó lé yín lórí títí di ọ̀sán.

Ọmọ Àgbádárìgì: Ẹ wá sun Àgbádárìgì lálẹ́ ọjọ́ kìíní. Ẹni tó bá ní òun á jí kúrò ní Èkó láàárọ̀, gó-síló láàárín Mile 2 sí Okokomaiko ló máa jẹ àárọ̀ ọ̀hún. Ẹ dé Sẹ̀mẹ̀ ní nǹkan bí aago méje. Ibi àyẹ̀wò pọ̀ láti Àgbárá lọ, torí náà ẹ kó gbogbo ìwé sínú fáìlì kan, ẹ yí gíláàsì sílẹ̀, ẹ kí wọn dáadáa.

Ní bọ́dà, ẹ fẹsẹ̀ ara yín wọ ọ́fíìsì. Òǹtẹ̀ Nàìjíríà ṣáájú, ti Bẹ̀nẹ̀ tẹ̀ lé e. Àwọn géńdé tó máa ń sáré wá pé àwọn á bá yín lù ú lè fo ti Nàìjíríà, ẹjọ́ rẹ̀ a wá di ti àbọ̀. Kọ́sítọ́ọ̀mù Bẹ̀nẹ̀ á kọ pàsé, ìyẹn ìwé àṣẹ ìwọlé, fún ọkọ̀, iye ọjọ́ á wà nínú rẹ̀. Ẹ fi ọjọ́ méjì lé ohun tẹ́ ẹ nílò, torí ìtanràn ń bẹ lórí ẹni tó bá pẹ́ jù.

Ẹ ka sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná ní Bẹ̀nẹ̀, tán lọ́wọ́ ara yín kẹ́ ẹ tó jọ̀wọ́ náírà. Ẹ gba owó wẹ́wẹ́.

Ọmọ Àjàṣẹ́: Nígbà tẹ́ ẹ bá dé Kútọnu, ẹ má gba títì ńlá lọ sí Ouidah, ẹ ò ní rí omi kankan. Ẹ yà sí Fidjrossè, kẹ́ ẹ gba Route des Pêches. Bí ogójì kìlómítà ni: òkun lápá òsì, àgbọn lọ́tùn-ún, àwọn apẹja tó tò bí ẹgbẹ́ ológun tí wọ́n ń fa àwọ̀n kan ṣoṣo wá sókè. Ó lè máà jẹ́ gbogbo rẹ̀ ni ọ̀dà. Ẹ béèrè ní Fidjrossè bóyá yanrìn wà níwájú.

Ibodè Àìpadà, ohun ìrántí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gba òkun lọ, tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1995, wà létí òkun Ouidah gan-an. Ẹ ṣọ́ra fún ọjọ́ kẹwàá oṣù Kìíní: ọdún Vodun ni, hòtẹ́ẹ̀lì á kún. Ọyẹ́ sì lè bo òkun lójú lóṣù yẹn. Ìparí oṣù Kọkànlá mọ́lẹ̀ jù ú lọ.

Bí ọlọ́pàá bá ní "les pièces", ìwé ọkọ̀ ló ń béèrè. Yorùbá á gbé yín dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), kò gbé yín dé Grand-Popo.

Mẹkáníìkì: Bó bá di yanrìn, ẹ dín afẹ́fẹ́ táyà kù láti 32 sí 18 psi, kó lè tẹ́jú. Jíà kejì, ẹ má dúró, ẹ má yí ọwọ́ ọkọ̀ lójijì. Bí táyà bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú kan, ẹ yẹsẹ̀ kúrò lórí iná kíá. Ṣe ló ń gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀. Ẹ wa yanrìn kúrò níwájú táyà iwájú, torí àwọn ló ń fa Corolla, kẹ́ ẹ ki pákó sábẹ́ wọn. Ẹ mú pọ́ǹpù tó ń lo iná ọkọ̀ dání, kẹ́ ẹ fẹ́ ẹ padà kẹ́ ẹ tó wọ ọ̀dà.

Ẹ má ra epo inú ìgò lẹ́bàá títì o. Wọ́n lè ti pò ó mọ́ omi tàbí kẹrosín-ìn, ẹ́ńjìnnì á máa já. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ fi omi tútù fọ abẹ́ ọkọ̀, iyọ̀ òkun ń jẹ irin.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Grand-Popo la máa yí padà. Ṣé ọmọ lè wẹ̀ níbẹ̀? Ká má tilẹ̀ fojú kan Lómé rárá?

Ọmọ Àjàṣẹ́: Nínú òkun kẹ̀? Rárá o. Ìgbì ibẹ̀ ń fa èèyàn láti ìsàlẹ̀, àgbà tó mọ̀wẹ̀ pàápàá kò lè bá a jà. Ẹ gbé e lọ wo Bouche du Roy, níbi tí odò Mono ti ń wọ òkun. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń gbé lọ, ẹ dúnàá-dúrà kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́.

Bàbá Ìbejì: Ti Lómé, ẹ gbé ọkọ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ wọ táksí dé Hillacondji, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ kọjá. Wàhálà ìwé ọkọ̀ kúrò níbẹ̀, òǹtẹ̀ páásípọ́ọ̀tù nìkan ló kù. Láti ibẹ̀ dé Lómé jẹ́ bí àádọ́ta kìlómítà. Aago Tógò fi wákàtí kan rẹ̀yìn ti Bẹ̀nẹ̀, tiwọn lẹ máa ṣírò nígbà àlọ, kẹ́ ẹ dá wákàtí náà padà nígbà àbọ̀. Ẹ má sì gbàgbé láti fi pàsé ọkọ̀ lé kọ́sítọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ní Sẹ̀mẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé e wálé, nínú ìwé wọn, ọkọ̀ yín ò tíì kúrò ní Bẹ̀nẹ̀.