Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe MDS (ìwé àyẹ̀wò àwọn arúgbó tí à ń fi ránṣẹ́ sí ìjọba) nílé àgbàlagbà l'Amẹ́ríkà, kí ló ń mú un pẹ́ lọ́dọ̀ yín?

Ìyá Ìbejì (Maryland): Ẹ kú iṣẹ́ o. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, a ti parí ìwé àwọn arúgbó, kò sẹ́ni tó fi ránṣẹ́. Ìgbà tí owó Medicare (ètò ìlera ìjọba fún àwọn àgbà) kò wọlé bó ṣe yẹ ni ọ̀gá tó béèrè. Tiyín ńkọ́?

Dàpọ̀_TX: Àwọn ará therapy! Wọn kì í kọ Section GG, apá MDS tó ń sọ ohun tí arúgbó lè fúnra rẹ̀ ṣe, lásìkò.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ má dá therapy nìkan lẹ́bi. Ẹni tó bá wọlé, ọjọ́ 14 la ní láti parí àyẹ̀wò àkọ́kọ́, ọjọ́ tó dé sì wà nínú rẹ̀. Tí ètò ìtọ́jú bá parí, ọjọ́ 14 mìíràn wà láti fi ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ń po méjèèjì pọ̀.

Tọ́lá_RN: Ìyá kan wọlé sọ́dọ̀ wa, Yorùbá nìkan ni wọ́n gbọ́. Ọjọ́ ti ń lọ, oníkálukú ń sáré, wọ́n sì ti fẹ́ kọ ọ́ pé màmá kò lóye nǹkan kan. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo wá fi Yorùbá bi wọ́n ní ìbéèrè BIMS, ìyẹn ìdánwò iyè inú MDS. 13 nínú 15! Ọpọlọ màmá pé ṣáṣá.

Ìyá Ìbejì: Háà! Wọn ì bá sọ màmá di aláìníyè.

Dàpọ̀_TX: Ṣé wọ́n gbà kí nọ́ọ̀sì ṣe ògbufọ̀ fúnra rẹ̀? Tiwa, orí fóònù là ń pè sí.

Tọ́lá_RN: Ẹ̀gbọ́n, A1110 nínú MDS ń béèrè èdè àti ògbufọ̀. Ẹni tó gba màmá wọlé kọ English síbẹ̀, torí ọmọ Nàìjíríà ni màmá. Ká ní ọjọ́ 7 tí a ní láti fi bi màmá ní BIMS ti kọjá ni, dáàṣì (pé a kò ṣe é) là bá fi sí ìdáhùn wọn.

Adé_NJ: Ọ̀gá kan ní kí n fi ọjọ́ tó ti kọjá buwọ́ lu Z0500, ibi tí nọ́ọ̀sì ti ń jẹ́rìí pé MDS ti parí. Mo kọ̀ jálẹ̀. Láísẹ́ǹsì tèmi ni wọn máa gbà, kì í ṣe tiẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: O káre. Ẹ sì máa ka validation report, èsì tó ń sọ bóyá wọ́n gba fáìlì, ní iQIES, ojú òpó ìjọba tí à ń fi MDS ránṣẹ́ sí. Fáìlì lè dé ibẹ̀ kí wọ́n má gbà á.

Kúnlé_PT: Therapy ni mo wà. Àwọn nọ́ọ̀sì alẹ́ náà kì í kọ GG tiwọn!

Dàpọ̀_TX: Kúnlé, tiyín ló pọ̀ jù.

Ìyá Ìbejì: Tọ́lá, màmá yẹn ńkọ́?

Tọ́lá_RN: Wọ́n wà dáadáa. Àyẹ̀wò MDS oṣù mẹ́ta wọn ti súnmọ́, èmi ni màá bi wọ́n.