Mọ́tò tí mo fẹ́ fi sílẹ̀ ní Leeds kí n tó wálé

Ọmọ Àjílété Leeds: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Mò ń bọ̀ nílé lóṣù tó ń bọ̀ fún ìsìnkú bàbá wa, ó sì lè tó oṣù mẹ́rin kí n tó padà. Ínṣọ́ránsì mọ́tò mi á parí nígbà tí mo bá wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo wá ń rò ó pé kí n kúkú jẹ́ kó parí, ṣebí mọ́tò ò ní rìn, ẹ̀bá títì níwájú ilé ló máa wà. Àbúrò mi tó dé lọ́dún tó kọjá tún ní kí n fún òun ní kọ́kọ́rọ́, òun á máa fi lọ síbi iṣẹ́, ó ní láísẹ́ǹsì Nàìjíríà. Kí lẹ rí sí i?

Ìyá Ìbejì Manchester: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Àbúrò mi, jọ̀ọ́ má jẹ́ kó parí bẹ́ẹ̀ o. Láti 2011 ni òfin ti wà níbí pé mọ́tò gbọ́dọ̀ ní ínṣọ́ránsì lójoojúmọ́, ó rìn o, kò rìn o. Kọ̀ǹpútà ló ń fi ìwé DVLA (iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ mọ́tò sílẹ̀) wé ti àwọn oníńṣọ́ránsì, kò dìgbà tí ọlọ́pàá bá dá ẹ dúró, ẹni tí orúkọ ẹ̀ wà lórí logbook (ìwé ìforúkọsílẹ̀ mọ́tò) náà ni lẹ́tà máa wá bá. Ìwọ dè é wà nílé níbi òkú, ta ló máa ka lẹ́tà? Tó bá yá ó di £100, wọ́n lè fi irin de táyà, tó bá dé kọ́ọ̀tù ó lè tó £1,000.

Tí o ò bá fẹ́ san ínṣọ́ránsì, ṣe SORN, ìyẹn ni pé kó o sọ fún DVLA pé mọ́tò náà ò ní sí lórí títì. Ọ̀fẹ́ ni, orí íntánẹ́ẹ̀tì lo ti máa ṣe é pẹ̀lú nọ́ńbà oní-11 tó wà lórí logbook, wọ́n á sì dá owó road tax oṣù tó bá ṣẹ́kù padà fún ẹ. Àmọ́ mọ́tò tó bá wà ní SORN ò gbọ́dọ̀ sí lẹ́bàá títì rárá, inú ọgbà ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ wà.

Bọ̀dá Sheffield: Ti àbúrò yẹn gan-an ló ń já mi láyà. Láísẹ́ǹsì ilé ò ju oṣù 12 lọ lẹ́yìn téèyàn bá ti fìdí kalẹ̀ níbí, wọn kì í sì í pààrọ̀ ti Nàìjíríà, provisional (láísẹ́ǹsì ẹni tó ń kọ́ ọkọ̀) ló máa gbà, kó ṣe ìdánwò theory, kó ṣe ti practical. Bó bá tiẹ̀ wá ní láísẹ́ǹsì, ṣé orúkọ ẹ̀ wà nínú ínṣọ́ránsì yín? Kámẹ́rà ọlọ́pàá ń ka nọ́ńbà mọ́tò bó ṣe ń kọjá lọ. £300 àti póìntì mẹ́fà (àmì ẹ̀ṣẹ̀ lórí láísẹ́ǹsì) ni wọ́n máa ń fún ẹni tó wà á láìní ínṣọ́ránsì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́ náà ti rú òfin, wọn ò ní gba "mi ò mọ̀" lẹ́nu yín. Tí láísẹ́ǹsì ìlú yìí tẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà ò bá sì tíì pé ọdún méjì, póìntì mẹ́fà yẹn ló máa gbà á lọ́wọ́ yín, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ látorí provisional. Tó bá wá ń fi gbé oúnjẹ kiri fún owó, ínṣọ́ránsì lásán ò gbà á o, ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Bàbá Sábó Ògbómọ̀ṣọ́: Mo gbé ibẹ̀ rí kí n tó padà wálé, òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ilé ló mọ́ wa lára, a máa ń ju kọ́kọ́rọ́ fún ẹ̀gbọ́n fún àbúrò láì béèrè orúkọ tó wà nínú ìwé. Ọmọ mi, mọ́tò bàbá yín tẹ́ ẹ máa fi sáré ìnáwó yẹn náà ńkọ́? Ínṣọ́ránsì third party mọ́tò àdáni nílé níbí ti di 15,000 náírà láti 2023, láti oṣù kejì 2025 sì ni ọlọ́pàá ti ní àwọn á máa béèrè ẹ̀ gidi. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí askniid.org kẹ́ ẹ tó gbé e jáde lọ Ọ̀yọ́ tàbí Ìbàdàn, ayédèrú pọ̀ nínú ìwé tí wọ́n ń tà fúnni.

Ọmọ Àjílété Leeds: Ẹ ṣeun gan-an bàbá, mi ò rò ó débẹ̀. SORN ni màá ṣe. Ta ló wá ní àyè nínú ọgbà?

Ìyá Ìbejì Manchester: Ẹ̀gbọ́n mi ní àyè ní Bradford, mo ti bá wọn sọ ọ́, wọ́n ní kò burú. Gbé e lọ nígbà tí ínṣọ́ránsì àti tax ẹ ṣì wà, ibẹ̀ ni kó o ti wá ṣe SORN, torí tí SORN bá ti bẹ̀rẹ̀ o ò lè wà á lórí títì mọ́ àyàfi tó o bá ń gbé e lọ síbi MOT (àyẹ̀wò mọ́tò ọdọọdún) tó o ti gba àyè sílẹ̀ fún. Tó o bá wà á bẹ́ẹ̀, wọ́n lè bu owó ìtanràn tó £2,500 lé ẹ.

Ọmọ Àjílété Leeds: Sátidé ni màá gbé e lọ. Àbúrò mi á máa wọ bọ́ọ̀sì.