Ẹ̀rọ wo ló ti fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ rí?

Agbébọ́tìnì: Kì í ṣe ẹ̀rọ tó bàjẹ́ tó sì ba ọjọ́ ẹni jẹ́ ni mò ń wá o. Èyí tí ẹ bínú sí títí, tó wá jẹ́ pé ẹ̀rín ló gbẹ̀yìn ẹ̀. Tèmi rèé: pírínńtà ibi iṣẹ́ wa kọ̀, kò tẹ nǹkan kan, ó ní íǹkì yẹ́lò ti tán. Lẹ́tà tí mo fẹ́ tẹ̀, dúdú ni látòkè délẹ̀! Íǹkì dúdú sì kún bámúbámú. Kí ló fẹ́ fi yẹ́lò ṣe?

Kòwéèwù: Ó fẹ́ lá a ni 😂

Ẹyẹ_Òru: Bátìrì fóònù mi kú pátápátá lọ́jọ́ kan. Nígbà tó jí, ó ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1970 la wà. Gbogbo ibi tí mo fẹ́ wọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń lé mi, ó ní ìwé ẹ̀rí ààbò wọn ò tíì tó lò. Mo wá ya ìyá mi ní fọ́tò, ni fóònù bá tò ó síwájú gbogbo fọ́tò tí mo ti ń yà bọ̀. Màámi wò ó, wọ́n ní, "Ṣé wọ́n ti ya mí ní fọ́tò kí wọ́n tó bí mi ni?"

Òǹkà_Àtẹ: Ọjọ́ yẹn ni Unix, ètò kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé, ti ń ka àkókò bọ̀. Tí aago bá ti gbàgbé ara ẹ̀, ibẹ̀ ló ń padà sí. Ẹ máa retí ọjọ́ 19 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2038. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń fi bíìtì 32, àyè tí kò gba nọ́ńbà tó tóbi jù, ka ìṣẹ́jú àáyá, àyè yẹn á kún, wọ́n á sì bá ara wọn ní 1901.

Kòwéèwù: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Gbogbo gbèsè tí mo jẹ á di èyí tí mi ò tíì jẹ.

Ìyá_Ìbejì: Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Lálẹ́, mo dùbúlẹ̀, mo fẹ́ gbọ́ ohùn tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo tẹ̀ ẹ́, kò dún. Mo yí i sókè. Kò dún. Mo yí i títí ó fi dé góńgó. Kẹ́kẹ́. Mo ní bóyá ohùn yẹn ló bàjẹ́, mo tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo wá gbọ́ ohùn àbúrò mi látinú ògiri. Àṣé spíkà ará ilé kejì ni fóònù mi lọ fi Bluetooth so mọ́, nítorí mo ti bá wọn fi orin sí i rí. Ẹ sì mọ nǹkan tó ń sọ? Ẹjọ́ ọkọ ẹ̀ ló ń rò! Gbogbo ẹ̀ pátá. Títí kan ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ará ilé kejì kí mi dáadáa, ó wá rọra ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ fún àbúrò yín kó má dá ìyá yẹn lóhùn."

Agbébọ́tìnì: Mo kú! MO KÚ!

Ṣé_Òótọ́_Ni: Irọ́ funfun báláú. Bluetooth fóònù kì í sábà ju mítà 10 lọ, ògiri á sì dí i.

Òǹkà_Àtẹ: Ta ló ní ó ju mítà 10 lọ? Bẹ́ẹ̀dì wọn ò ju apá kejì ògiri lọ. Ògiri á dín agbára ẹ̀ kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí kò bá nípọn jù, ó ń gbà á kọjá. Ẹ̀rọ méjì tó bá ti mọ ara wọn rí, wọ́n á máa wá ara wọn kiri ni.

Ọkọ_Ìyàwó: Bí àwọn kan tí mo mọ̀.

Ìyá_Ìbejì: @Ṣé_Òótọ́_Ni ẹ wá bá mi gbé ilé yẹn kí ẹ wá wò ó.

Ọkọ_Ìyàwó: Èmi kí bàbá ìyàwó mi. Mo kọ "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, baba." Fóònù sọ baba di "banana". Wọ́n fèsì pé "Ìrọ̀lẹ́ o, ọsàn mi." Láti ìgbà yẹn, orúkọ mi nìyẹn nínú ilé yẹn.

Alátùn-únṣe: Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ẹni tó bá pè mí, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé kó pa á, kó tún un tàn.

Ṣé_Òótọ́_Ni: Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí gbogbo yín mọ̀ nìyẹn. Ẹ ò mọ nǹkan tó ń ṣe é, ẹ kàn ń gbàdúrà.

Alátùn-únṣe: Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ẹ̀rọ tó ti wà ní títàn pẹ́ ń kó pàǹtí jọ: áápù tó gba àyè tí kò dá a padà, kàǹtà tó ń kà lọ láìdúró. Ní 2015, FAA tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú l'Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n má jẹ́ kí iná Boeing 787 wà ní títàn fún ọjọ́ 248 láìpa á. Kàǹtà kan nínú ẹ̀rọ tó ń darí jẹnẹrétọ̀ ló máa kún, tí gbogbo jẹnẹrétọ̀ lè kú lẹ́ẹ̀kan náà. Windows 95 náà máa ń gan lẹ́yìn ọjọ́ 49 àti díẹ̀.

Kòwéèwù: Ta ló rí Windows 95 tó lo ọjọ́ 49 láìgan?

Agbébọ́tìnì: Ọkọ̀ òfuurufú?! Wọ́n á pa á lójú ọ̀run, wọ́n á tún un tàn??

Alátùn-únṣe: Nílẹ̀ ni o! Nílẹ̀!

Ẹyẹ_Òru: Òun ni mo ṣe máa ń ti gbogbo áápù mi pa, kí bátìrì lè pẹ́.

Alátùn-únṣe: Ìyẹn yàtọ̀. Áápù tí kò ṣiṣẹ́ ń sùn ni, tí ẹ bá ń pa á tí ẹ tún ń ṣí i, bátìrì ló ń jẹ. Craig Federighi ti Apple fúnra ẹ̀ sọ ọ́ ní 2016 pé kò ṣèrànwọ́.

Ẹyẹ_Òru: Kó wá sọ fún fóònù mi. Tí mo bá pa wọ́n, ara mi ń balẹ̀.

Ìyá_Ìbejì: Èmi náà. Pípa wọn yẹn dùn mọ́ mi bí ẹni gbálẹ̀.

Òǹkà_Àtẹ: Ẹ padà sí ti pírínńtà jọ̀ọ́. Àwọn kan tó ń lo OpenOffice (ètò ìkọ̀wé) lórí Ubuntu (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) nígbà kan, pírínńtà wọn kì í tẹ̀wé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ìyàwó ẹnì kan ló kíyè sí i, ọkọ ò gbà. Àṣé ètò tó ń yẹ fáìlì wò ló ń rí "Tue" nínú ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí fáìlì náà, tó sì rò pé irú fáìlì mìíràn ni.

Ṣé_Òótọ́_Ni: Èyí náà, irọ́ ni.

Òǹkà_Àtẹ: Ó wà nínú àkọsílẹ̀ àṣìṣe Ubuntu. Ẹ lọ kà á.

Ṣé_Òótọ́_Ni: …Mo ti kà á. Hmm.

Ọkọ_Ìyàwó: Ìyàwó ló tọ̀nà. Ẹ má jẹ́ kí tèmi rí ibí yìí.

Ará_Tuntun: Ẹ dákun, ó ń dà mí láàmú. Fóònù mi ní àyè ti kún. Mo ní kó pa fọ́tò rẹ́, ó ní kò sí àyè tí òun máa fi pa á rẹ́.

Kòwéèwù: Ẹ gba à wá o 😭

Alátùn-únṣe: Ẹ wo inú àpótí ìdọ̀tí fọ́tò yín. Èyí tí ẹ ti pa rẹ́ ṣì ń gbé ibẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó sì ń jẹ àyè. Ẹ kó o dànù.

Ará_Tuntun: Mo ti dé ibẹ̀. Fọ́tò àtàǹpàkò ọmọ mi ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ìgbà wo ló ń yà á?